Ẹsẹ̀ Àgbà Adìẹ Létí Òkun

Adìẹ tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í ké. Ó máa ń fi í pamọ́ ni, torí pé èyí tó bá fi àárẹ̀ hàn láàrin agbo, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa ṣá a lẹ́nu, tí wọ́n á sì lé e kúrò nídìí oúnjẹ. Kí ẹni tó ni ín tó rí i pé ó ń tiro, ọ̀rọ̀ náà ti lè pẹ́ nílẹ̀. Ìdí nìyí tí orí ìwé yìí kò fi ní bẹ̀rẹ̀ láti orí oògùn. Ibi tí adìẹ ń tẹ̀, ohun tó ń jẹ àti omi tó ń mu ni a óò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ní Oríòkè-Ìwàmímọ́ àti káàkiri etí òkun Ìlàjẹ, níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣòro ẹsẹ̀ ti ń wá.

Adìẹ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àgbébọ̀ ẹ̀yìnkùlé tó ti lé ní ọdún méjì, tí ẹyin rẹ̀ ti ń dín kù, àmọ́ tí ẹ kò fẹ́ pa nítorí pé ó mọ ọmọ sàba lé, tàbí nítorí pé ó ti di ará ilé. Adìẹ ìbílẹ̀, ìbáà ṣe aṣa tàbí òpìpì, fúyẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ló ń fún wa níṣẹ́: Noiler tí iléeṣẹ́ Amo ń pa ọmọ rẹ̀ ní Awẹ́, FUNAAB Alpha tí wọ́n ṣe ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, àti àwọn adìẹ ẹlẹ́yin aláwọ̀ ilẹ̀ tí àwọn olóko máa ń tà ní owó pọ́ọ́kú nígbà tí ẹyin wọn bá ń lọ sópin. Wọ́n wúwo ju ti ìbílẹ̀ lọ, wọ́n sì ti yé ẹyin púpọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹsẹ̀ kan náà ló ń gbé gbogbo rẹ̀.

Ẹ wò ó kí ẹ tó gbé e

Ẹ jí ṣáájú adìẹ. Ẹ ṣílẹ̀kùn, kí ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ máa wo bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀. Àgbébọ̀ tó bá dúró lórí igi títí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ̀ tán, tó wá ń wolẹ̀ bí ẹni tó ń ṣírò, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tó ń jókòó jẹun, àti èyí tó ń na apá sílẹ̀ kó tó lè yí padà.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ara yín. Ṣé ẹsẹ̀ kan ni, àbí méjèèjì? Ṣé òjijì ló dé, àbí díẹ̀díẹ̀? Ṣé adìẹ kan ni, àbí púpọ̀? Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan, tó sì jẹ́ òjijì, okùn, ọgbẹ́ tàbí eegun tó ṣẹ́ ni kí ẹ máa wá. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, tó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ ro ti èkúrú, eegun tó ti ṣófo tàbí oríkèé tó ń wú. Ẹsẹ̀ méjèèjì lójijì, ẹ wo ẹja tó ti rà, iyọ̀, tàbí ẹyin tó há. Bó bá mú adìẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún láàrin ọjọ́ méjì, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀: májèlé ni tàbí àrùn tó ń ràn.

Alẹ́ ló dára jù láti yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà tó bá ti wọ̀. Ẹ fi aṣọ wé apá rẹ̀ mọ́ ara, ẹ gbé e sórí itan, kí ẹlòmíràn tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹ di ẹsẹ̀ méjèèjì mú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀tún lọ́wọ́ kan, òsì lọ́wọ́ kejì, nítorí pé ẹ kò lè mọ èyí tó gbóná tàbí èyí tó wú àyàfi tí ẹ bá fi wé ìkejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ la àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, ẹ gòkè dé oríkèé, ẹ tẹ itan, kí ẹ wá parí rẹ̀ sí ikùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ ikùn. Wàhálà tó sì ń mú àgbà adìẹ rọ lẹ́sẹ̀ lè wà nínú ikùn.

Ohun kan wà tó máa ń já àwọn ènìyàn láyà lásán. Adìẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n yòò nígbà èwe lè di ẹlẹ́sẹ̀ funfun lẹ́yìn oṣù mélòó kan tó ti ń yé. Kì í ṣe àìsàn. Àwọ̀ ẹsẹ̀ náà ló ń lọ sínú pupa ẹyin, bó bá sì sinmi ẹyin yíyé, yóò padà.

Okùn àwọ̀n

Lára gbogbo ohun tó ń bá ẹsẹ̀ adìẹ jà ní ìlú apẹja, èyí ni mo kórìíra jù, nítorí pé ọwọ́ wa la fi ń dá a sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń tún àwọ̀n ṣe, okùn rọ́bà tín-ín-rín tí wọ́n gé kúrò máa ń já sílẹ̀ lábẹ́ àgà. Adìẹ ń tan ilẹ̀, okùn kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó ń fà á, ó ń fún mọ́ ọn. Láàrin ọjọ́ mélòó kan okùn ti wọnú awọ, ẹ kò sì lè rí i mọ́. Ohun tí ẹ óò rí ni ọmọ ìka tó wú láti ibì kan lọ sí iwájú, pẹ̀lú ìlà tó yí i ká.

Ẹ rẹ ẹsẹ̀ náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí awọ rọ̀. Ẹ fi ẹnu abẹ́rẹ́ tí ẹ ti sè wá okùn náà láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ta á sókè díẹ̀, kí ẹ fi nǹkan ìgékánná gé e. Ẹ má ṣe fà á kí ẹ tó gé e. Yóò túbọ̀ wọlé ni. Nígbà tí ẹ bá rí ìyí kan yọ, ẹ tún wo ibẹ̀ dáadáa, nítorí okùn yìí kì í sábà yí ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ fi áyódìn pa ojú rẹ̀. Bí ọmọ ìka náà bá ti dúdú, tó tutù, tó sì gbẹ, ẹ má gé e, yóò já fúnra rẹ̀, adìẹ á sì máa rìn lọ. Bó bá dúdú tó sì ń rùn tàbí tó ń ṣomi, dókítà ẹranko ló kù.

Ìwọ̀ ẹja ńkọ́? Ẹ má fà á padà. Ẹ tì í síwájú kí ẹnu rẹ̀ yọ, ẹ gé ẹnu náà kúrò, kí ẹ wá fa ìyókù jáde láti ibi tó gbà wọlé.

Ní ti ìdènà, kẹ́ẹ̀gì kan tí ẹ gé orí rẹ̀ kúrò, tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe, ti tó. Gbogbo okùn tó bá gé, inú kẹ́ẹ̀gì.

Pákó, igi ìwọ̀ àti eéwo àtẹ́lẹsẹ̀

Níbi tí ilé wà lórí òpó, tí afárá pákó sì jẹ́ títì, orí pákó ni adìẹ ń gbé ayé rẹ̀. Àlàfo àárín pákó lè mú ẹsẹ̀, ìṣó tó yọrí lè gún un, pákó tó ti hó sì máa ń fi èèrún sí i lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí omi bá kún tàbí tí òjò bá pọ̀, ilé adìẹ kì í gbẹ. Ẹ fi ìwúwo àgbà adìẹ kún un, àti bó ṣe ń fò láti orí igi gíga sórí pákó líle láràárọ̀, ẹ ó mọ ìdí tí eéwo fi ń so lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Kòkòrò tó wà nídìí rẹ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus. Orí awọ ló máa ń wà láìṣe ẹnikẹ́ni ní ibi títí tí ojú ọgbẹ́ á fi ṣí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á pọ́n, á sì máa dán. Lẹ́yìn náà èépá dúdú á jókòó sáàárín rẹ̀. Tó bá yá, gbogbo ẹsẹ̀ á wú títí dé àárín ọmọ ìka, á sì gbóná. Ọyún adìẹ kì í ṣàn bíi ti ènìyàn. Ó máa ń dì gbagidi, ó sì máa ń ní àwọ̀ ìyeyè, ìdí nìyí tí fífún un kò fi wúlò. Ẹni tó bá ń fún un ń ti àrùn náà wọlé lọ sídìí iṣan àti eegun ni.

Bó bá wà ní ipò kìíní tàbí kejì, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹ fi ike bọ ọwọ́, nítorí kòkòrò náà ń mú ènìyàn. Ẹ po iyọ̀ Epsom tó tó ṣíbí ìjẹun méjì sínú lítà omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ ṣe é lò bí Epsom kò bá sí. Ẹ nù ún gbẹ. Bí èépá bá rọ̀ tó ń ṣí fúnra rẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ yọ èyí tó bá tẹ̀ lé e jáde, ẹ fi áyódìn fọ ojú rẹ̀. Bí kò bá ṣí, ẹ fi sílẹ̀ títí di ọ̀la. Ẹ fi òwú lé e, ẹ fi báńdéèjì wé e gba àárín ọmọ ìka kọjá, kó má ṣe fún. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ tàbí ní ọjọ́ méjì méjì. Ẹsẹ̀ tó wú kọjá àtẹ́lẹsẹ̀ ń fẹ́ ọ̀bẹ àti oògùn ìpakòkòrò láti ọwọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi dé Igbókòdá kì í ṣe ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n fífi bíléèdì gé ẹsẹ̀ adìẹ lábẹ́lé lè ṣe é ní jàǹbá ju eéwo fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá wo eéwo sàn, tí ẹ kò tún igi ìwọ̀ tí adìẹ ń sùn lé ṣe, yóò padà. Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ní ti ẹsẹ̀, òótọ́ pọ́nńbélé ni: igi tó tín-ín-rín ń kó gbogbo ìwúwo adìẹ jọ sójú kan lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ wá igi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ fá etí rẹ̀ kó má mú. Kó má ga ju ìdajì mítà lọ fún àgbà adìẹ, kí ẹ sì tẹ́ pákó kan dagun síbẹ̀ kó lè rìn gòkè rìn sọ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi tí ayùn gé, tó gbẹ, ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀ nínú ilé adìẹ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ tí ojú ń ta yín, ó ti yẹ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Èkúrú ẹsẹ̀

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ọjọ́ ogbó. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbẹ́lẹ̀ sábẹ́ ìpẹ́ ẹsẹ̀, tó ń jẹ awọ, tó sì ń bímọ síbẹ̀. Ìpẹ́ á máa gbé orí sókè, nǹkan funfun bí ẹfun á máa kó jọ sábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ á wá nípọn, á rí gbágungbàgun. Láti ọmọ ìka ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ gòkè. Àgbà adìẹ ló ń mú jù, nítorí pé ó ti pẹ́ tó ti ń fara kan àwọn yòókù lórí igi.

Ẹ fi omi ọṣẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹsẹ̀ náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ̀ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀, kí ẹ nù ún gbẹ. Ẹ wá fi fasilíìnì tàbí àdí kùn ún nípọn, kó wọ abẹ́ ìpẹ́. Kòkòrò náà ń mí, òróró ló sì máa sé e mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ lè ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí àwọn àgbà ti kú. Ẹ ṣe é fún gbogbo adìẹ yín pátá, títí kan àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń dán, kí ẹ sì fi òróró pa igi ìwọ̀. Ẹ má ṣí ìpẹ́ tó gbé orí sókè kúrò nípá, ẹ̀jẹ̀ á jáde, eéwo á sì gbabẹ̀ wọlé. Ẹsẹ̀ kò ní rẹwà lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba oṣù púpọ̀ kí ìpẹ́ tuntun tó jáde. Ohun tí ẹ óò fi mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé kò lọ sókè mọ́, adìẹ ò sì ṣá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ mọ́.

Kẹrosíìnì àti ọ́ìlì dúdú tí wọ́n tú jáde nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wà lára ohun tí àwọn ènìyàn ń fi pa á. Ó ń pa kòkòrò lóòótọ́. Ó tún ń jó awọ, adìẹ á sì fi ẹnu rẹ̀ mú un mì nígbà tó bá ń tún ìyẹ́ ṣe. Àdí ń ṣiṣẹ́ náà láìsí ewu, kí ló dé tí a fi ń wá ọ́ìlì?

Omi oníyọ̀

Ní ibi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀, bí gbogbo ayé ṣe ń rí i ní Ayétòrò tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, omi iyọ̀ kì í dúró sí ààyè rẹ̀. Ó ń wọ odò, ó ń wọ kànga, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó sì ń le sí i. Ènìyàn á lọ ra omi tàbí kó fi omi òjò pamọ́ sínú àgbá. Adìẹ ńkọ́? Ohun tó bá rí ni yóò mu.

Kíndìnrín adìẹ kéré, kò sì lè fara da iyọ̀ bíi ti màlúù. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó tó gíráàmù 35. Omi tí iyọ̀ inú rẹ̀ bá ti kọjá gíráàmù 3 ní lítà kan kò dára fún adìẹ mọ́. Ìgbẹ́ rẹ̀ á máa ṣomi, ara rẹ̀ á sì máa rọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ife omi òkun kan tó bá dà mọ́ ife omi òjò mẹ́wàá ti kọjá ìwọ̀n yẹn. Adìẹ tí iyọ̀ ti wọ̀ lára máa ń mu omi láìdáwọ́ dúró, omi á máa jáde lẹ́nu rẹ̀ tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò, ẹsẹ̀ méjèèjì á rọ, ikùn sì lè kún. Ẹja oníyọ̀ tí wọ́n sọ sílẹ̀ ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Ẹ tọ́ omi tí adìẹ yín ń mu wò. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá hàn lẹ́nu yín, ẹ dà á nù. Fún adìẹ tó ti mu ún, ẹ máa fún un ní omi tútù dídùn díẹ̀díẹ̀, bí ìdá mẹ́rin wákàtí lẹ́ẹ̀kan, dípò kí ẹ gbé àwo ńlá síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Omi púpọ̀ lójijì lè mú kí ọpọlọ rẹ̀ wú.

Ibẹ̀ náà ni àìsàn oríkèé kan ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kíndìnrín bá ti bàjẹ́, ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìgbẹ́ jáde á máa kó jọ sí oríkèé ẹsẹ̀ àti ọmọ ìka. Ẹ óò rí kókó funfun lábẹ́ awọ, ẹsẹ̀ méjèèjì á wú, adìẹ á máa gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó tẹ iná. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Omi tó mọ́ nígbà gbogbo, oúnjẹ tí ẹja inú rẹ̀ kò pọ̀, igi tó rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀, ìyẹn ni gbogbo ìtọ́jú rẹ̀. Ẹ má sì lé kókó náà pé ẹ fẹ́ gún un.

Eegun tó ṣófo

Èèpo ẹyin kan ní kálísíọ̀mù tó tó gíráàmù 2. Alẹ́, nígbà tí adìẹ ń sùn tí kò sí oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, ni ara rẹ̀ ń mọ ọ̀pọ̀ nínú èèpo yìí. Bí kálísíọ̀mù kò bá tó nínú ikùn, inú eegun ni ara á ti lọ yá a, pàápàá eegun itan àti ti ẹsẹ̀. Àgbébọ̀ tó ti fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta yá láìsan padà, eegun rẹ̀ á di èyí tó lè ṣẹ́ nígbà tí ẹ bá kàn ń lé e. Ẹyin tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni jíjókòó, lẹ́yìn náà ni àìlèdìde mọ́.

Àgbàdo àti èérún gààrí, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń fún adìẹ, kò ní kálísíọ̀mù tó ṣe é gbára lé. Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni ìkarahun ìṣáwùrú àti èèpo akàn. Ẹ ṣan iyọ̀ ara rẹ̀ kúrò, ẹ yan án lórí iná kó lè rún, ẹ gún un di wóró wóró, kó má kúnná bí ìyẹ̀fun, torí wóró ló ń pẹ́ nínú iwe tó sì ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ di òru. Ẹ gbé e sínú àwo tirẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má pò ó mọ́ oúnjẹ: àgbébọ̀ tó ń yé á lọ bá a fúnra rẹ̀, èyí tó ti dáwọ́ ẹyin dúró kò ní fọwọ́ kàn án. Kálísíọ̀mù àpọ̀jù lára adìẹ tí kò yé mọ́ ń ba kíndìnrín jẹ́, a sì ti rí ibi tí ìyẹn ń yọrí sí. Oòrùn náà ṣe pàtàkì. Adìẹ tí wọ́n dé mọ́ inú àgò láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè fi kálísíọ̀mù náà ṣe nǹkan.

Bí eegun ẹsẹ̀ bá ti ṣẹ́ nísàlẹ̀ oríkèé, ó sábà máa ń jiná. Ẹ fi òwú wé e, ẹ fi ẹ̀la ọ̀pá rọ́fíà méjì há a láàárín, ẹ fi báńdéèjì dì í. Ẹ wo ọmọ ìka lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá tutù tàbí tó wú, ẹ tú u, ó fún jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti tó. Itan tó ṣẹ́ lára àgbà adìẹ yàtọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kó jiná dáadáa.

Ẹja tó ti rà

Adìẹ tó bá jẹ òkú ẹja tàbí ìdin tó wà lára rẹ̀ lè kó májèlé kan tí ń mú ẹsẹ̀ rọ, lẹ́yìn náà apá, lẹ́yìn náà ọrùn, títí orí rẹ̀ á fi tẹ́ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ lè là, kó máa wò yín, kó má lè mira. Ọ̀pọ̀ ń kú láàrin ọjọ́ kan sí méjì. Èyí tó bá ṣì lè gbé orí, ẹ máa kán omi sí i lẹ́nu ní ẹ̀gbẹ́. Èyí tí ọrùn rẹ̀ ti rọ, ẹ má da omi sí i lẹ́nu rárá, ẹ̀dọ̀fóró ni yóò gbà. Ẹ kó gbogbo òkú ẹja àti òkú ẹran tó wà láyìíká, ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìnnà tàbí kí ẹ sun ún. Ẹ má pa adìẹ náà jẹ.

Ìfun ẹja tútù ń ṣe ibi míràn tó rọra. Àwọn ẹja kan ní ohun kan nínú tó ń ba fítámì B1 jẹ́. Adìẹ tó ń jẹ wọ́n ní tútù lójoojúmọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ lẹ́sẹ̀, orí rẹ̀ á sì máa yí sókè. Sísè ló ń pa ohun náà. Ẹ bá mi bọ ìfun ẹja kí ẹ tó sọ ọ́ sí adìẹ.

Nígbà tí kì í ṣe ẹsẹ̀

Àgbébọ̀ tó dúró ṣánṣán, tó ń gbé ìrù sókè sódò, tí kò sì fẹ́ rìn, ẹyin lè há sí i nínú. Ẹyin náà ń tẹ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀ ni. Ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ dé ikùn fún bí ogún ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n, ẹ fi òróró pa ojú ìdí rẹ̀, ẹ gbé e sí ibi tó dákẹ́ tó sì ṣókùnkùn. Ẹ má tẹ ẹyin náà fọ́ sínú. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò bọ́, ẹ wá dókítà.

Bó bá jẹ́ ikùn ló ń tóbi láti oṣù dé oṣù, tí ẹsẹ̀ kan sì ń rọ, kókó inú ilé ẹyin ló sábà máa ń jẹ́ lára adìẹ tó ti dàgbà. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí i lẹ́yìnkùlé.

Adìẹ tó na ẹsẹ̀ kan síwájú, ìkejì sẹ́yìn, ń fi àrùn Marek hàn, èyí tí József Marek kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Hungary ní 1907. Àwọn ọ̀dọ́ adìẹ ló ń mú jù, ọjọ́ tí wọ́n jáde nínú ẹyin sì ni wọ́n ń gba àjẹsára rẹ̀. Àrùn lùkúlùkú ò mọ ọmọdé mọ àgbà: ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ikọ́, ọrùn tó lọ́, ẹsẹ̀ tó rọ, òkú lórí òkú. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, tó ti wà láti 1924, ń ṣe àjẹsára lùkúlùkú kan tó ń jẹ́ I-2 tó lè fara da ooru ju ọ̀pọ̀ àwọn yòókù lọ, tí wọ́n ń kán sójú adìẹ. Fún ibi tí yìnyín kì í pẹ́ kó tó yọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, òun ni kí ẹ bèèrè. Bí adìẹ púpọ̀ bá sì ń kú lójijì, ẹ má fọwọ́ lásán gbé wọn, ẹ má sì tà wọ́n. Àrùn bird flu, tí wọ́n kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà ní Kaduna ní 2006, lè mú ènìyàn. Ẹ ké sí ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ní Igbókòdá.

Ọ̀rọ̀ lórí tẹtirasáíkíìnì

Bí adìẹ bá ń tiro, àwọn ènìyàn á tú kápúsù tẹtirasáíkíìnì sínú omi rẹ̀. Kò wo èkúrú, kò tú okùn, kò sọ omi iyọ̀ di dídùn. Kódà lára eéwo tó ti dì, kò rọrùn fún un láti dé ibẹ̀. Kálísíọ̀mù inú ìkarahun á tún dì mọ́ ọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ohun tó kù nínú ẹyin ni àwọn ọmọ yín ń jẹ. Bí dókítà ẹranko bá fún yín ní oògùn ìpakòkòrò tàbí ivermectin, ẹ bi í ní iye ọjọ́ tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin tàbí ẹran adìẹ náà, kí ẹ kọ ọjọ́ náà sára ògiri.

Ẹ ya adìẹ tí ẹ ń tọ́jú sọ́tọ̀, àmọ́ níbi tó ti lè máa rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má bàa gbà á ní àjèjì nígbà tó bá padà. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi sí ibi tí ọrùn rẹ̀ lè dé láìdìde. Ẹ máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì láràárọ̀ àti lálẹ́, torí pé àyà tó bá tẹlẹ̀ jù á dá egbò. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá tíì dìde lẹ́yìn ìyẹn, tí kò jẹun dáadáa, tó sì ń rù, pípa á lójú kan pẹ̀lú ọ̀bẹ tó mú sàn ju fífi í sílẹ̀ fún eèrà lọ. Èyí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ tàbí eegun tó ṣófo nìkan ni wàhálà rẹ̀, tí kò sì gba oògùn kankan, ẹ lè sè é jẹ. Èyí tó gba oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, èyí tí ikùn rẹ̀ wú, tàbí èyí tó jẹ ẹja tó ti rà, inú ilẹ̀ ni kó lọ, kó jìn, kí ajá má lè hú u.